Ọdún Tí Aṣílẹ̀kùn Wọ Sáfárì Bàbá Mi

Ẹni tó bá dé Ìgàndó lónìí tó ní òun ò mọ Múrí Oníbúlọ́ọ̀kù, àlejò ni, ẹ fún un lómi mu kó jókòó. Kíláàsì mẹ́rin ni mo kà kí ìwé tó sú mi, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn tó ka ìwé dópin pé ta ló mọ búlọ́ọ̀kù ilé tí wọ́n ń sùn sí. Tèmi ló wà nínú ògiri wọn láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ayọ̀bọ̀. Èmi kì í ṣe nǹkan kí n dákẹ́. Bí mo bá ran afọ́jú kan sọdá títì lówùúrọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo àdúgbò ti gbọ́, bí wọn ò bá sì tíì gbọ́, èmi fúnra mi á lọ sọ fún wọn. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe bí bàbá tó bí mi nìyẹn. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu mi yìí, tó ń ró bí agogo, kò sọ jáde rí títí ewú fi yọ ní irùngbọ̀n mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ wàyí. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà, ẹ má bi mí o. Bọ̀dá Délé ni màá máa pè é níhìn-ín. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀, kò tiẹ̀ jọ ọ́.

Ilé wa wà ní Ìkòtún nígbà tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, tí èèyàn lè dúró lójú fèrèsé kó máa gbọ́ igbe àparò. Bàbá bàbá mi ló ni ilẹ̀ náà. Bàbá mi, tí í ṣe bíríkìlà, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé sí i, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là wọ́n láàárín. Ìró ilé yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń kọ́kọ́ jí. Ẹ ó gbọ́ kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀. Kó tó kírun tán, ìyá mi á ti wà nídìí ìkòkò ẹ̀kọ, omorógùn rẹ̀ á máa lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, á máa pariwo mọ́ mi pé ewé tí òun fẹ́ fi pọ́n ẹ̀kọ dà. Èmi ni mo ń fọ ewé. Èmi náà ni mo ń pọn omi, torí pé okùn kànga wa wúwo, àwọn ọmọ mìíràn ò lè fà á, èmi sì ń fà á bí ẹni ń ṣeré. Láti kékeré ni mo ti lágbára. Bí mo bá parí, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà á ti wà nílẹ̀, Ìyá Àgbà á sì gé nínú tirẹ̀ kún tèmi, á ní, "Jẹ ẹ́, ọkọ mi, ẹni tó pọn omi kì í mu ìṣẹ́kù." Nígbà yẹn ni ẹ ó wá gbọ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú Bọ̀dá Délé: yóò fẹ́ iná inú rẹ̀, fúù, fúù, yóò sì gbé e lé orí tábìlì, gbì.

Alágbàfọ̀ ni Bọ̀dá Délé. Ilẹ̀ Èkìtì ló ti wá, ó gba yàrá tó kángun sẹ́yìn ilé wa, ó sì tẹ́ tábìlì rẹ̀ sábẹ́ igi fúrúùtù. Ó tínrín, èjìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ó máa ń wọ́ sílípáàsì nílẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀. Mi ò rí ẹni tó ṣojo tó o rí. Àkùkọ Ìyá Àgbà máa ń lé e, yóò sì fò gun orí tábìlì, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Ìyá Àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Délé, àkùkọ ní kí n kí ọ o. Ó ní ìgbà wo ni ìwọ àti òun máa parí ìjà." Òun náà á fọwọ́ bo ẹnu, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Ìyá." Bí oníbàárà bá wá pariwo lé e lórí nítorí ìlà ṣòkòtò kan tí kò tọ́, á ti dọ̀bálẹ̀ kí onítọ̀hún tó parí ọ̀rọ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé bí ẹ̀rù bá ń pa èèyàn, òkú Délé la máa kọ́kọ́ gbé ní Ìkòtún. Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe tó wù mí ni bó ṣe ń fi wáyà ṣe háńgà. Kì í ra háńgà. Á fi ìka lásán tẹ wáyà, á ká a, á lọ́ ọ, wáyà náà á gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí ẹran ọ̀sìn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rù ló gba ilẹ̀. Àwọn ajagungbalẹ̀ ló kó o wá. Ẹ ti gbọ́ nípa irú wọn. Àwọn kan ṣì wà. Wọ́n á ní àwọn ni àwọn ni ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ti rà, wọ́n á kó kóńdó àti àdá wá, wọ́n á lu bíríkìlà, wọ́n á wó fáńdéṣọ̀n. Ọ̀gá wọn lágbègbè wa ni wọ́n ń pè ní Kóńdó. Ọkọ̀ píkọ̀ọ̀pù rẹ̀ kò ní sáílẹ́ńsà, ariwo rẹ̀ á ti dé kí ọkọ̀ náà tó dé. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, odó á dákẹ́, omorógùn á dákẹ́, àwọn ìyá á fa ọmọ wọlé, kódà ajá mọ̀ pé kí òun wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Lójú ọ̀nà Ìgàndó, ilé kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ parí, tí ó ní ilẹ̀kùn irin kan ṣoṣo àti àgádágodo tó tó ìkúùkù ọkùnrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ti àwọn onílẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án gangan, láìsí omi, títí onítọ̀hún á fi gbà pé òun kò ní ilẹ̀ kankan láyé. Mo mọ tíṣà àgbàlagbà kan tó jáde níbẹ̀, tí wọ́n bi pé kí lorúkọ rẹ̀, tó ń wo ẹnu ìyàwó rẹ̀ kí ìyẹn bá òun sọ ọ́. Àwa ọmọdé ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ mélòó ló padà sí orí ẹní títọ̀ nínú ilé wa lọ́dún yẹn! Èmi kò tọ̀, mo kàn kì í sùn ni.

Nínú ẹ̀rù yìí ni Aṣílẹ̀kùn ti yọ. Ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tí í ṣe. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, bí wọ́n bá ti ti èèyàn mọ́ ilé yẹn, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ti lọ jẹun, ọkùnrin kan á yọ láti inú oko ẹ̀gẹ́, aṣọ á bo ojú rẹ̀ àfi ẹyinjú, á ṣí àgádágodo láìfọ́ ọ, á sì padà sínú ẹ̀gẹ́. Àwọn tó tú sílẹ̀ ní ó ga. Àwọn mìíràn ní ó kúrú. Wọ́n ní ó wọ jalabíà funfun lọ́jọ́ kan, ó wọ aṣọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ iná lọ́jọ́ kejì, ó wọ kẹ̀ǹbẹ̀ àgbàlagbà lọ́jọ́ mìíràn. Gbogbo ọmọdé Ìkòtún ló ń fi táwẹ́ẹ̀lì bojú ṣeré, èmi sì ni Aṣílẹ̀kùn nígbà gbogbo, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti gbà á lọ́wọ́ mi? Nídìí ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ làwọn àgbà ń jẹ mọ́ oúnjẹ. Bàbá mi fi òkèlè run ọbẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin ni o, ṣùgbọ́n ó gọ̀. Bó bá ṣe pé èmi ni, orí òrùlé ni màá gùn, màá pariwo orúkọ mi, kí gbogbo Alímọ̀ṣọ́ mọ̀."

Ìyá mi ní, "Ìbọn ni wọ́n á sì fi sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí òrùlé, Bàbá Múrí."

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi, ọ̀rọ̀ ọmọ náà ń kọ mí lóminú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń ṣe rere tí kò lójú, bó bá ṣi iṣẹ́ ṣe lọ́la, ta la máa dì mú?"

"Ìyá, bó bá ṣíjú," ìyá mi dáhùn, "ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún òun náà?"

 Mo rántí pé bàbá mi tún bu òkèlè mìíràn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa sáfárì bàbá mi kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Àwọ̀ kọfí ni, ẹ̀wù àti ṣòkòtò, ó ní àpò mẹ́rin, télọ̀ kan ní Dopemu ló rán an, bàbá mi sì kó gbogbo aṣọ tó ṣẹ́kù kúrò lọ́wọ́ télọ̀ náà kí ẹlòmíràn má bàa ní irú rẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ dúdú àfi ẹyọ kan tó funfun lókè àyà, torí pé èmi ni mo gbé ti ibẹ̀ mì nígbà tí mo ń rá. Bí bàbá mi bá wọ̀ ọ́ kọjá ní Ìkòtún, wọn kì í wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó kí i. Aṣọ náà ni wọ́n ń kí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ìyá mi gbé oúnjẹ lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e lọ fún bàbá mi níbi tó ti ń kọ́lé lápá Ìgàndó. Mo gba ọ̀nà àbùjá láàárín ẹ̀gẹ́. Ibi tí ọ̀nà náà ti yọ sẹ́yìn ilé onílẹ̀kùn irin ni mo ti rí sáfárì bàbá mi. Ó dúró nídìí ilẹ̀kùn, àpò mẹ́rin, àwọ̀ kọfí, aṣọ dúdú ló fi di orí àti ojú. Àgádágodo já wálẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀. Aboyún kan jáde, ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú kọjá kòtò fáńdéṣọ̀n, ó sì nawọ́ ọ̀nà hàn án. Ayọ̀ tó kún inú mi, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Bàbá mi! Bàbá tèmi ni Aṣílẹ̀kùn! Mo ti ya ẹnu láti pè é nígbà tó yíjú, tó rí mi. Mo rí bọ́tìnnì funfun náà. Mo rí ẹyinjú. A wo ara wa, ó sì wọ inú ẹ̀gẹ́ lọ. Mo sáré dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kí n lè débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kí n wò ó bó ṣe máa wọlé bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bàbá mi ni mo bá lórí àkàbà, síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún fún sìmẹ́ńtì gbígbẹ, ó ń bá lébìrà rẹ̀ jà pé yẹ̀pẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì hàn pé láti àárọ̀ ni ìjà náà ti wà nílẹ̀. "Kí ló ń lé ọ?" ó bi mí. Mo ní kò sí, sà.  Mo jókòó tì í títí ó fi jẹun tán, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ líle tó funfun fún sìmẹ́ńtì, mo sì ń bi ara mi pé ibo ni sáfárì wà. Mo mọ ibi tó wà. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ fún alágbàfọ̀.

Bọ̀dá Délé wà nídìí tábìlì nígbà tí mo délé, ó ń lọ aṣọ ìkélé olóyè kan. Sáfárì wà lórí okùn lẹ́yìn rẹ̀, ó tutù, omi ń kán lára rẹ̀.

"O káre, Múrí. Bàbá jẹun tán?"

"Wọ́n jẹun tán. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n wà láti àárọ̀," mo ní. "Síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ̀."

Áyọ́ọ̀nù dúró. Mo lọ sídìí okùn, mo yọ èèmọ́, irúgbìn koríko tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó bá gba inú igbó, ní ìṣẹ́tí ṣòkòtò sáfárì, mo fi í lé tábìlì rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Èjìká rẹ̀ tó máa ń rọ̀ wálẹ̀ gòkè díẹ̀, ohùn rẹ̀ náà sì yí padà, bíi pé ẹlòmíràn tó ti wà nínú yàrá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

"Ta lo sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá Délé, kí ló dé tí ẹ wọ aṣọ bàbá mi?"

"Aṣọ tèmi kò pọ̀, gbogbo Ìkòtún ló mọ̀ wọ́n. Àwọn tó gbé aṣọ wá tí wọ́n kó lọ sí ìlú mìíràn láìgbà á, tiwọn ni mo máa ń wọ̀, kí àwọn ọmọ Kóńdó lè máa wá ẹni tí kò sí. Lónìí, mo ti rẹ gbogbo ìyẹn sómi nígbà tí mo gbọ́ pé aboyún ni wọ́n tì mọ́bẹ̀. Ti bàbá rẹ ló gbẹ."

"Bí wọ́n bá wá mú bàbá mi ńkọ́?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ìkélé.  Mo bi í pé ṣé gbogbo ìgbà tí àkùkọ ń lé e, ó ń ṣeré ni. Ó ní, "Rárá o. Ẹ̀rù àkùkọ yẹn ń bà mí ní tòótọ́. Ẹ̀rù ohun gbogbo ló ń bà mí, Múrí. Wọ́n tì mí mọ́ irú ibẹ̀ rí kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mò ń retí kí ẹnì kan wá, ẹnikẹ́ni ò wá." Ó mú èèmọ́ náà, ó jù ú sínú iná áyọ́ọ̀nù. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi á wá nǹkan ṣe sí i."

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà, èmi tí mi ò lè ṣe oore kékeré kí n má kéde. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ẹni tó bojú ti fi ara rẹ̀ pamọ́, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòtún ò lè gbà pé oore kan wà láìlójú. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá ojú fún un, ọ̀tá náà sì ń wá ojú fún un. Ẹni tó bá bo ojú tirẹ̀, ojú ẹlòmíràn ló gbé síta. Bọ̀dá Délé mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ń wá aṣọ ẹni tí kò sí nílé. Ẹni rere ni, mo fi orí mi búra, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn ó fi bàbá mi síta láìbi í léèrè, mo sì kórìíra rẹ̀ mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àyà ọmọdé ò gba irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tí aboyún náà rí dé etí Kóńdó, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè sáfárì alábọ́tìnnì funfun kiri. Ìyá mi gbọ́ ọ níbi tó ti ń ta ẹ̀kọ pé wọ́n ń wá aṣọ kan, kò gbọ́ irú aṣọ tí í ṣe. Èmi ni mo mọ̀. Gbogbo ariwo ọkọ̀ ni mò ń sáré jáde lọ wò. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń múra ìsọmọlórúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìpájà, ó ń lọ sídìí igi fúrúùtù láràárọ̀. "Délé, sáfárì mi dà?"

"Kò tíì gbẹ, sà."

"Oòrùn tó ń sá gbogbo ẹ̀gẹ́ Ìkòtún gbẹ, ti sáfárì mi ló wá nira fún?"

Nígbà tí àwáwí tán lẹ́nu Bọ̀dá Délé, ó ṣe ohun tó rò pé yóò gbà wá. Ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé àyà sáfárì náà, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣojú mi. Òórùn rẹ̀ gba ilé, bàbá mi jáde, ó rí i. Ìgbátí tó gbá Bọ̀dá Délé, ẹyẹ fò lórí igi. Òun sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ omi ọṣẹ, ó ń bẹ̀bẹ̀, "Iṣẹ́ èṣù ni, sà, ẹ má bínú, sà," ojú rẹ̀ sì bá tèmi pàdé láti ilẹ̀, mo rí i pé ara tù ú. Bàbá mi ò ní wọ aṣọ yẹn lọ síbì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n èmi àti òun ò ro ti irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, gbogbo ayé gbọ́dọ̀ wá dá ẹjọ́ náà. Ó gbé sáfárì kọ́ sórí ilẹ̀kùn iwájú ilé, lójú títì gan-an, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń pe àwọn tó ń kọjá: "Ẹ wá wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ wá wo ohun tí alágbàfọ̀ fi ẹ̀wù mi ṣe! Bọ́tìnnì funfun nìkan ló ṣẹ́kù tó gbádùn!" Àwọn èèyàn ń dúró, wọ́n ń ṣe háà, wọ́n ń kí i kú ìròjú. Mo ń fà á láṣọ pé kí a gbé e wọlé, ó ní kí n lọ jókòó. Ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dúró, ó wò ó dáadáa, kò sì ṣe háà.

Kó tó di alẹ́ a gbọ́ ọkọ̀ tí kò ní sáílẹ́ńsà. Ó dúró síwájú ilé wa. Kóńdó sọ̀ kalẹ̀, èèyàn kúkúrú tó ń jẹ orógbó, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń kí ọmọ tuntun. Ó tẹrí ba díẹ̀ fún Ìyá Àgbà. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá. Aṣọ ta nìyí?"

Bàbá mi rò pé ẹlòmíràn ló tún wá bá òun kẹ́dùn. Ó dìde, ó gbé àyà síta. "Èmi ni mo ni ín! Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́."

"Mo mọ̀ pé kò sí," Kóńdó ní. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi ṣéènì yí ọwọ́ bàbá mi ká, àgádágodo ti ké. "Aṣílẹ̀kùn, o káre."

Ìyá mi ké, ó dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ Kóńdó. Bàbá mi wo ṣéènì náà, ó wo aṣọ, mo sì rí i tí òye ń wọ inú rẹ̀ bí omi ṣe ń wọ inú yẹ̀pẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sídìí igi fúrúùtù, sọ́dọ̀ ẹni tí aṣọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó sì padà. Ẹnu tí kò lè dákẹ́ láyé ni mo rí tó pa dé. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ó kọ̀. Wọ́n fi kóńdó gún un nínú, ó kọ̀. Mo ti ń yangàn bàbá mi tipẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń yangàn rẹ̀ títí dòní, dídákẹ́ yẹn ni.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni."

Bọ̀dá Délé ni. Ó dúró lójú ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, ìṣùpọ̀ wáyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ilé yíjú sí i, kí ni wọ́n sì ṣe? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ Kóńdó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé tí ẹ̀rù ń bà náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó ń sunkún. Kóńdó nu ojú rẹ̀. "Ìwọ tó ń fọ ṣòkòtò mi? Ìwọ tí àkùkọ ń lé gun tábìlì? Ọ̀rẹ́, lọ wá omi mu." Ó ti fi ojo bo ara rẹ̀ dáadáa débi pé nígbà tó fẹ́ bọ́ ọ, kò sẹ́ni tó gbà pé aṣọ ni. Kò jà, kò pariwo. Ó rìn wá láàárín wọn, ó na wáyà kan gbọọrọ, ó tẹ orí rẹ̀, ó sì tì í bọ inú àgádágodo tó wà lọ́wọ́ bàbá mi. Ìka rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan. Àgádágodo ṣí. Ṣéènì bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín sì tán ní gbogbo ilé. Kóńdó tu orógbó ẹnu rẹ̀ dànù. Wọ́n gbé Bọ̀dá Délé jù sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì lọ.

 Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, bàbá mi wọ sáfárì tó jó náà, ihò àyà rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó gbé òòlù ńlá kọ́ èjìká. Ìyá Àgbà ní, "Súlè, fi nǹkan bojú." Ó ní, "Ìyá, ojú mi ni mò ń lò lónìí." Àwọn lébìrà rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti díígà, gbogbo wọn, àti ẹni tó ń bá jà nítorí yẹ̀pẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé onílẹ̀kùn irin rí wọn, wọ́n sá lọ pe ọ̀gá wọn. Bàbá mi kò tiẹ̀ wo ilẹ̀kùn. Kò mọ àgádágodo, ògiri ló mọ̀. Ó kan búlọ́ọ̀kù wò pẹ̀lú ìka títí ó fi rí ibi tí sìmẹ́ńtì kò tó, ó sì la òòlù mọ́ ọn. Bọ̀dá Délé wà nínú ilé náà, ó wà láàyè. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n fọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kóńdó ń bọ̀, gbogbo èèyàn mọ̀. Ohun tó kù ni kí Bọ̀dá Délé dé ibi tó ti lè rí ọkọ̀ jáde nílùú, àárín àdúgbò wa nìkan sì ni ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rìn.

Èmi àti Ìyá Àgbà dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, ojú rẹ̀ wú, kò sí aṣọ kankan tó bò ó, gbogbo èèyàn sì ti jáde síta, títí kan àwọn tó ti tú sílẹ̀ rí. Mo ń retí kí wọ́n hó yèè. Ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà kan yípo, ó kọjú sí ògiri ilé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń tàn bọ̀ láti ilé dé ilé, ẹ̀yìn ni gbogbo àdúgbò ń kọ sí i. Inú bí mi, mo fẹ́ pariwo pé aláìmoore ni wọ́n. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì mú orí mi, ó yí i. "Kọjú sógiri, ọkọ mi. Wọ́n máa bi wá pé kí la rí." A dúró bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́ tí onítọ̀hún ń sọ fún ògiri, wúyẹ́wúyẹ́, "Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé." Èmi náà sọ ọ́. Ẹsẹ̀ náà dúró díẹ̀ lẹ́yìn mi, lẹ́yìn náà ó ń lọ, mi ò sì mọ ọ̀nà tó yà sí.

Ọkọ̀ tí kò ní sáílẹ́ńsà dé. Kóńdó wo bàbá mi àti àwọn tó yí i ká pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó ní, "Tìẹ ṣì ń bọ̀, Súlè." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọ̀nà wo ni alágbàfọ̀ náà gbà. Ìyá Àgbà, tí kì í búra lásán, ní kí wọ́n gbé Àlùkùránì wá, ó gbọ́wọ́ lé e, ó búra pé òun kò rí ẹnikẹ́ni tó kọjá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, Kóńdó lóṣòó kí ojú rẹ̀ lè dọ́gba pẹ̀lú tèmi. Mo ń gbóòórùn orógbó lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọdé kì í parọ́," ó ní. "Ìwọ, kí lo rí?"

"Ògiri ni mo rí, sà."